Èébú Tí Wọ́n Yí sí Òyìnbó

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni.

Láti kékeré ló ti sanra. Ní Fìdítì níbí, ẹni tó bá rí ọmọ tó sanra á ní ìyá rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Èmi náà ń yọ̀. Ìgbà tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wàhálà dé. Bó bá ti yọ sí kíláàsì, wọ́n á ní, "Àgbá ń yí bọ̀, ẹ yà lọ́nà." Kò jẹun àárọ̀ mọ́. Níbi tí a ti ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò lọ mọ́, òun á máa bá mi ṣe gàrí. Èmi tí mi ò mọ ìwé, ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́ gbọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá ilé ìwé, mo ní kí wọ́n bá mi ṣòfin sí i.

"Màmá, wọ́n ń bá a ṣeré ni. A lófin irun, a lófin ẹni tó pẹ́." Ọ̀gá náà tún ní, "A sì lófin pé ọmọ ò gbọdọ̀ sọ Yorùbá. Yorùbá ni wọ́n fi ń bú u, àbí? A ó fi ìyẹn mú wọn."

Wọ́n mú wọn lóòótọ́, wọ́n kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Kò pẹ́, ìyá rẹ tún fajú ro wálé.

"Màmá, wọ́n ti yí i sí òyìnbó. Tíṣà gbọ́ ọ, ó ní òyìnbó wọn ti ń dáa sí i."

Ó rẹ̀ mí. Mo kàn jókòó ti agbọ̀n ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé òbí, mo dìde sọ ọ́. Bàbá kan ní, "Ìyá, ẹ dín òkèlè rẹ̀ kù." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí wọ́n fi rín in tán, mo ní, "Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ kọ òfin irun sí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ara ọmọ ẹlòmíràn bú u, ní Yorùbá tàbí lóyìnbó."

Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, bóyá torí kí n lè jókòó ni. Àwọn ọmọ náà ò ṣíwọ́ èébú tán. Wọ́n kàn ń wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó bú u ni. Ṣùgbọ́n ó lọ, ó sì jáde ìwé.

Ìwọ náà rí i nínú ilé yìí: títí di òní, kì í jẹun àárọ̀.