Ọwọ́ Òṣùwọ̀n Tí Kò Gbéra

Èékánná rẹ̀, tí làálì ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tá a lò kẹ́yìn pọ̀, ìyàwó mi fi èékánná náà kan gíláàsì tó bo òṣùwọ̀n iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí onílé ṣì ń sùn. A ti kúrò nílé wa ní Alajo, nílùú Accra, a ti la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta Circle kọjá, oòrùn ti ń jó wa lápá, síbẹ̀ ọwọ́ òṣùwọ̀n tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn ṣì dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi àmì tútù. Òun ló ń wakọ̀. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń ka ìwé ìròyìn.

"Tíṣà," ó ní, nítorí ohun tó máa ń pè mí nìyẹn bó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, "ẹ wò ó, ọwọ́ yìí ò tíì jí. Ó sì ń mu epo bí ọ̀mùtí. Kí ló ń ṣe é?"

Mi ò gbójú sókè. "Òtútù kì í pa ọkọ̀. Ooru ló ń pa á. Máa wakọ̀ rẹ."

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ooru. Ti ìyàwó yín ló wá sú yín." Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ mí kalẹ̀ níwájú ilé ìkàwé tí mo máa ń lọ látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ó sì kọrí sí James Town létí òkun.

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja níbẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀. Àwọ̀n wáyà tí wọ́n ń tẹ́ ẹja lé lórí iná ló ń tà fún wọn, ó sì ti ń tà á pẹ́ débi pé òórùn ẹja yíyan ti wọ inú àga ọkọ̀ náà, kò sì jáde mọ́. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, fóònù mi dún. Orúkọ rẹ̀ ni mo rí. Kí n tó gbọ́ ohùn kankan ni mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé ọwọ́ ti jí?" Ohùn obìnrin mìíràn ló dáhùn, ní èdè Gã. Ó ní ìyàwó mi sọ pé ó rẹ òun díẹ̀, pé òun fẹ́ jókòó. Ó jókòó. Kò dìde mọ́.

Ìwé tí mo ti kà láyé mi pọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kò yé mi. Mo bi obìnrin náà pé, "Kò dìde lọ síbo?" Mo bi í bí ẹni tó ń tún gírámà ọmọ iléèwé ṣe. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú gbogbo ooru àti èéfín yẹn, ọwọ́ náà tutù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Mi ò sunkún. Mo kàn ń wo ẹnu àwọn èèyàn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wa ọkọ̀ náà wálé láti James Town. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó jókòó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ta ọkọ̀ yìí. Láti ibẹ̀ dé ibí, ọwọ́ ooru rẹ̀ ò gbéra rárá, epo tó sì mu ju ti lọ́rì lọ. Ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó máa tú u tà."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ti kú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí iwájú ọkọ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Níkẹyìn ó ní tó bá di ogójì ọjọ́ tí mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é, ẹni yẹn á wá wọ́ ọ lọ. Mo gbà. Mi ò sọ ohun tó wà nínú mi fún un. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí kẹ́yìn láyé, mi ò tíì dáhùn rẹ̀.

Ó gbà mí ní odindi ọ̀sán kan kí n tó rí irin tí wọ́n ń fà kí iwájú ọkọ̀ tó ṣí. Mo kọ́kọ́ rò pé òṣùwọ̀n ló ń parọ́. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sí Circle, mo wà á padà, mo sì fi tẹmómítà tí mo ń lò ní kíláàsì láyé ọjọ́un ti rọ́bà òkè tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá. Òṣùwọ̀n ò parọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kò gbóná tó bó ṣe yẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tan án ní tútù, mo sì gbé ọwọ́ lé rọ́bà yẹn. Ó yẹ kó ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìlẹ̀kùn kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó ń sé omi mọ́ títí omi náà yóò fi gbóná tó, kó tó ṣí fún un. Tẹ́mósítáàtì ni wọ́n ń pè é. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, kò sí ohun tó dá a dúró.

Mo gbà pé ìlẹ̀kùn náà ti há ní ṣíṣí. Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ fítà wa ní Kotobabi, nítorí fítà ni àwa ará Accra ń pe mẹkáníìkì. Ọkùnrin Àṣàǹtí ni, òun ló sì ń tún ọkọ̀ náà ṣe látọjọ́ tá a ti rà á.

"Dúè, Tíṣà, dúè," ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Màámè Aláta ṣèèyàn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe obìnrin Yorùbá níbí. Ó tú nọ́ọ̀tì méjì, ó gbé ìdérí irin kékeré kan kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo inú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ihò lásán ni.

"Ta ló jí i?" mo bi í.

"Jí kẹ̀? Èmi ni mo yọ ọ́. Tíṣà, ẹ ti gbàgbé ni? Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn tí ọkọ̀ yìí hó lójú ọ̀nà, èyí tó wà níbẹ̀ ti há ní pípadé, mo sì pè yín lórí fóònù. Mo ní ṣé kí n ra tuntun ni, àbí kí n yọ ọ́ bí a ti ń yọ ti gbogbo èèyàn. Ẹ ní kí n yọ ọ́ dànù. Ẹ ní Ghana gbóná tó, pé torí àwọn tó ń rí yìnyín ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Mo rántí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rí ara mi, bírò pupa lọ́wọ́, ìwé ìdánwò nílẹ̀ níwájú mi, fóònù há sí èjìká. Mo jókòó sórí táyà kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni eérú tèmi tọ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi kan gíláàsì yẹn, ọdún mẹ́fà ló fi ra epo tí kò yẹ kó rà, tó ń bi mí ní ohun tí ó jẹ́ pé ẹnu èmi gan-an ni àṣẹ rẹ̀ ti jáde. Lójoojúmọ́ ni mo sì ń dá a lóhùn bí ọ̀mọ̀wé.

Ẹ̀rù ba fítà. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Gbogbo wa là ń yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ ra òmíràn, kí n fi sí i fún yín."

"Èmi ni mo máa fi sí i."

"Ẹ̀yin?" Ó wo ọwọ́ mi. "Ó dáa o. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kẹ́ ẹ tó tú u."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣì wà lójúde, òórùn ẹja ṣì wà nínú rẹ̀, àbúrò ìyàwó mi kò sì sọ̀rọ̀ títà mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ká ní mo gbójú sókè kúrò nínú ìwé ìròyìn láàárọ̀ yẹn, kò ní kó má kú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti rí ojú rẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógójì lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àdéhùn èmi àti àbúrò rẹ̀ pé, ni mo wọ ilé ìdáná rẹ̀. Mi ò tíì tan sítóòfù náà látọjọ́ tó ti lọ. Àwọn aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá. Mo bu omi sínú ìkòkò kékeré tó fi máa ń se kókó, ìyẹn ògì àwa ará Ghana, fún mi láàárọ̀, mo fi okùn so tẹ́mósítáàtì tuntun tí fítà bá mi rà, mo sọ ọ́ sínú omi, mo jókòó tì í. Mo fẹ́ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ kí n tó fi sí i. Nígbà tí omi fẹ́ẹ̀ẹ́ hó, ìlẹ̀kùn kékeré náà ṣí díẹ̀díẹ̀. Mo pa iná. Mo jáde lọ síta, mo tú nọ́ọ̀tì méjì, mo fi í sí àyè rẹ̀, mo dè é padà, mo rọ omi kún un. Ọwọ́ mi bó níbi méjì. Lẹ́yìn náà mo jókòó sídìí ọkọ̀, níbi tó máa ń jókòó, mo sì dojú kọ ọ̀nà James Town.

Ká tó dé Circle, ọwọ́ náà gbéra. Ó ń gòkè jẹ́jẹ́ títí ó fi dé àárín, ó sì dúró síbẹ̀. Mo fi èékánná kan gíláàsì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè. Mo tẹ iná ọkọ̀, mo ń lọ.