Nọ́ńbà Tó Fún Fóònù Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Wáyà là ń pe ọ̀rẹ́ mi yìí níbi iṣẹ́, torí kò sí ìgbà tẹ́ ẹ máa rí i tí wáyà ò ní wà lọ́rùn rẹ̀ tàbí lápò rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn wa, èmi ń tọ́jú sítóò, ògiri kan ló là wá láàárín. Ó mọṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Wàhálà rẹ̀ kò ju pé ó mọ̀ pé òun mọṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé fóònù lẹ́nu ọ̀nà, èyí táwọn aláìsàn ń pè. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun náà ló bá a wá iṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n wá ra súwíìsì tuntun, ìyẹn àpótí tí gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà ilé náà ń gbà kọjá, Wáyà ní òun á ṣe ẹ̀gbọ́n òun lóore. Bí ọ̀nà bá dí, àpótí yìí gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá, nọ́ńbà la sì fi ń sọ ọ́ fún un. Lára ti àtijọ́, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi jù ló ń ṣíwájú. Wáyà fún fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní èyí tó tóbi jù lọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín bọ̀ ní sítóò.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti di ọba lórí wáyà!"

Àmọ́ lára ti tuntun, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ló ń ṣíwájú. Ó wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Ta ló fẹ́ ka ìwé?

Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi dé. Àwọn aláìsàn ní tí àwọn bá pè, obìnrin náà á kàn já fóònù mọ́ àwọn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n wá bá Wáyà, èmi náà sì wà níbẹ̀.

"Àbúrò mi, fóònù yẹn ò dáa o. Màá pariwo 'Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?' títí, wọn ò ní dáhùn. Jọ̀ọ́, bá mi wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi fúnra mi ni mo fi tiyín síwájú. Kò sóhun tó ṣe é."

"Wò ó náà ni mo ní."

"Mo ti gbọ́, mà."

Kò wò ó. Kó tọ ipasẹ̀ ìpè kan ṣoṣo láti orí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ìta ni, kì í pẹ́ rárá! Nígbà tí ọ̀gá àgbà wá bi í léèrè níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní fóònù dáa, ọ̀nà mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Wọ́n dá ẹ̀gbọ́n dúró níṣẹ́, ó sì kó ife rẹ̀ àti tìmùtìmù àga rẹ̀ lọ sílé.

Ọmọbìnrin tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sínú fóònù. Ìgbà yẹn ni Wáyà ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ ipasẹ̀ ìpè, ló bá rí i pé ẹ̀yìn pátápátá ló fi fóònù náà sí, kódà tẹlifíṣọ̀n táwọn aláìsàn ń wò ń ṣíwájú rẹ̀. Ó jókòó sórí páálí ní sítóò mi, ó sunkún. Inú ń bí mi, mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá àgbà, ìyẹn ní wọ́n ti fi ẹlòmíì sí àyè ẹ̀gbọ́n. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Dìde, jàre," ni ìyẹn wí. "Àbúrò mi ṣáà ni ẹ́, ta ni mo fẹ́ tà ẹ́ fún?"

Ó dárí jì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí Wáyà bá pè é, kí wọ́n tó kíra rárá, obìnrin náà á kọ́kọ́ pariwo, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ó ti mọ́ ọn lára. Wáyà á ní, "Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi."