Suwíìṣì abẹ́ àga Alhaji

Ẹ má pè mí lónìí, inú ń bí mi!

Láti àárọ̀ ni mo ti wà nínú mọ́tò Alhaji kan ní Ìgbògbò, tí kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi. Mo fẹ́ kó máa ka sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí pọ́ǹpù ṣe ń ti epo wọ ẹ́ńjìnnì. Mo yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, òdo ni kọ̀ǹpútà gbé jáde. Mo yí gbogbo nọ́ńbà tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà padà, mo tún wáyà so, òdo náà ni!

Nígbà tó sú mi, mo ní kí Alhaji máa gbé mọ́tò lọ. Kí n tó yọ kọ̀ǹpútà, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga. Nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà fò sókè!

"Alhaji, kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Suwíìṣì tí mo fi ń pa pọ́ǹpù epo ni, nítorí olè."

"Ẹ ò sì sọ fún mi látàárọ̀?"

"Ta ní í fi irú ẹ̀ han mẹkáníìkì?"

Ẹ̀yin onímọ́tò, tá a bá jẹ́ olè lójú yín, kí ló dé tẹ́ ẹ ń gbé mọ́tò wá fún wa láti tún ṣe?