Èdè Tí Ọmọ Akínkúnmi Ń Sọ

Ní Ìkẹ́nnẹ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ilé kan wà tí wọ́n lẹ páálí pélébé-pélébé mọ́ gbogbo nǹkan inú rẹ̀. Ọ̀kan wà lára ilẹ̀kùn, ọ̀kan wà lára fèrèsé, òmíràn wà lára firíìjì tí kò fi bẹ́ẹ̀ tutù mọ́, òmíràn lára ìkòkò omi. Ohun tó wà lára páálí wọ̀nyí kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Jàpáànù ni. Màmá Mọ́rọ́nfọ́lá, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló fi sísọ́ọ̀sì gé wọn lára páálí bisikíìtì, tó sì fi tàdáwà dúdú kọ wọ́n. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Akínkúnmi nìkan ni ọmọ tó bí. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Jàpáànù, ó fẹ́ ọmọbìnrin ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Kaórì, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan. Mío ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Màmá ló sọ ọ́ ní Tiwalọpẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bí aago bá ti lu mẹ́wàá níhìn-ín, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ lọ́dọ̀ wọn, Akínkúnmi á pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò. Á gbé ọmọ síwájú fóònù, á ní, "Kí Màmá." Ọmọ á kúnlẹ̀ lórí ẹní, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù, Akínkúnmi ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Ó di ọdún méjì báyìí tí àìsàn ọjọ́ mọ́kànlá mú Akínkúnmi lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tiwalọpẹ́ nígbà náà, ìwọ̀nba Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì bá bàbá rẹ̀ lọ.

Kaórì kò dáwọ́ ìpè dúró. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Gẹ̀ẹ́sì ẹnu Kaórì kò kọjá kí ó béèrè àlàáfíà. Wọ́n gbìyànjú kí fóònù máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn. Màmá gbàdúrà sínú rẹ̀, fóònù sọ tirẹ̀, Kaórì sì bojú wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú. Màmá kò mọ ohun tí fóònù sọ. Kò tún jẹ́ kí fóònù túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òun mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun yóò kọ́ èdè náà fúnra òun.

Lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Sábó, ní Ṣàgámù, ló ti rí ìwé ìkọ́ni kan rà. Eku ti jẹ etí rẹ̀, ojú ewé mélòó kan ti já kúrò níwájú, àwo tó yẹ kó máa sọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń kọ́ni lórí fóònù ló ti ń gbọ́ ìró. Nígbà tó gbọ́ pé a, i, u, e, o ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣebí èyí ni mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ." Ó ń fi àmì dò-re-mí sórí ọ̀rọ̀ Jàpáànù bó ṣe ń fi í sórí Yorùbá. Ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, á máa gbọ́ ọ bó bá ń ṣa ẹ̀wà. Ní ti àwọn lẹ́tà wọn tó lọ́jú pọ̀, ẹyọ ìgbálẹ̀ ló ń tò sórí ẹní, á tò ó, á wò ó, á tú u, á tún un tò. Nǹkan bí ogójì ló mọ̀. Ọkùnrin orí fóònù sọ pé ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n. Ọjọ́ tí Màmá gbọ́ èyí, kò kàwé mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó lo ìwé kíkọ mẹ́fà. Àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ti fa ìlà. Ohun tí ọmọ yóò sọ wà lápá òsì, ohun tí ìyá àgbà yóò fi dáhùn wà lápá ọ̀tún. Apá ọ̀tún ló kọ́ sórí dáadáa. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé a dúpẹ́, ara mi le, o kú iṣẹ́, ọmọ dáadáa ni ọ́. Apá òsì kì í ṣe tirẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, ó gbà pé òun ti ṣe tán. Ní Sátidé, ó wọ aṣọ tó dáa, ó gbé fóònù ti ìgò omi, ó sì dúró de ìkíni. Tiwalọpẹ́ jókòó, ó ń wò ó. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ń wò ó. Kaórì juwọ́ lẹ́yìn, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ ti ọmọ léjìká. Ọmọ náà sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Sátidé méje nìyẹn.

"Ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ nílé," ni Màmá sọ fún Ìyá Fàdìlàt, aránṣọ tó wà ní ojúlé kejì, tó wá wọn ọwọ́ bùbá rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin náà ẹ kí i."

"Kí n kí ta ni?"

"Tiwalọpẹ́."

"Èmi, kí n kí ọmọ ọdún mẹ́fà? Kí lo mu láàárọ̀ yìí?"

"Omi ni o. Ẹ̀ ń retí kó kúnlẹ̀ sínú fóònù, fóònù ò sì tóbi tó."

"Àgbà kì í kọ́kọ́ kí ọmọdé. Ìdáhùn mi ti wà nílẹ̀. Ìkíni rẹ̀ ni mò ń dúró dè."

Ìyá Fàdìlàt ká okùn ìwọnṣọ mọ́ ìka. "Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ẹ̀ ń dúró de nǹkan kan, Màmá. Lójú tiẹ̀, ìyá arúgbó kan ló kàn ń wò ó. Fàdìlàt tèmi gan-an, bí mi ò bá ranjú mọ́ ọn, kì í kí èèyàn. Ìkẹ́nnẹ́ níbí sì ni mo bí i sí."

Lẹ́yìn tí aránṣọ lọ, Màmá ṣí ìwé rẹ̀, ó wo apá òsì láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìparí. Kò sí èyí tó lè sọ láìwo ìwé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni Kaórì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní Mío yóò wọ ilé-ìwé ní oṣù Kẹrin, òun náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí Màmá dákun má bínú, ìpè kò ní lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. Nígbà tí Màmá ka Sátidé tó kù, mẹ́ta ni. Iná kò sí ní ti àkọ́kọ́, fóònù kú. Ní ti ìkejì, ara ọmọ gbóná.

Ní ti ìkẹta, aago mẹ́wàá kò tíì lù tó ti jókòó, ó sì ti kọ́ apá òsì náà sórí. Bí ojú Tiwalọpẹ́ ti yọ, kò dúró mọ́. Ó kí i bí wọ́n ṣe ń kíni nírọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní ìyá bàbá rẹ̀ ni òun. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán.

Kaórì ti lọ sí ilé ìdáná. Ọmọ sún mọ́ fóònù, ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó sọ̀rọ̀ bí òjò. Kò dúró mí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ti inú ìwé, kò sì jọ ti ọkùnrin orí fóònù tó máa ń rọra sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Màmá gbá "ilé-ìwé" mú. Ó gbá "pápà" mú, ìyẹn bàbá, lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn tó kù ń kọjá lọ. Ọmọ na ọwọ́ sí nǹkan kan tí fóònù kò fi hàn, ojú rẹ̀ sì le. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè díẹ̀, ó dákẹ́, ó ń dúró. Màmá mọ̀ pé ó bi òun ní nǹkan kan.

Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé kò yé mi. Ó ti mọ̀ ọ́n láti oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ yìí la ẹnu sí i, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ yóò tún pa ẹnu dé. Ó mi orí. Ó ní, "Hái." Bẹ́ẹ̀ ni.

Tiwalọpẹ́ tún wò ó, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Òun náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó lọ. Àga òfìfo ni Màmá ń wò títí Kaórì fi dé, tó juwọ́, tí ìpè sì já.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kọ ọ̀rọ̀ sí Kaórì ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn jù lọ: jọ̀wọ́, kí ni ọmọ bi mí? Kaórì dáhùn ní ọjọ́ kejì. Ó ní òun bi ọmọ léèrè. Ọmọ ní kò sí nǹkan kan.

Kíláàsì kẹta ni Màmá fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́. Ọmọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá ju ẹgbẹ̀rún lọ, ó sì mọ̀ pé ìgbà tí nǹkan bá wà gan-an ni ọmọdé máa ń sọ pé kò sí nǹkan kan.