Aláǹtakùn Búlúù Tí Mo Tà fún Àlàájì

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Àlàájì Làmídì pè mí lórí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Sìdí, ó ti wọ apá jálàbíà mi o."

Mo mọ ohun tó wọ ibẹ̀, torí èmi ni mo tà á fún un.

Roodepoort ní Gúúsù Áfíríkà ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ejò, alángbá àti aláǹtakùn là ń tà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ọdún kẹfà mi rèé níbẹ̀, inú mi ṣì ń dùn láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Aláǹtakùn tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí ń takùn sí igun àjà. Taràntúlà ni, onírun, òmíràn nínú wọn tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn kan ń gbé inú ihò, àwọn kan ń gbé orí igi. Àwọn ti orí igi yìí ló ń fún mi láyọ̀. Àpótí wọn máa ń ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, a ó gbé èèpo igi nàró sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni à ń ti ṣí i, torí òkè pátápátá ni wọ́n ń kọ́lé sí. Ẹni tó bá ṣí i láti òkè, òrùlé onílé ló ṣí yẹn.

Ọ̀gá mi, ìyá òyìnbó Bóà kan tí gbogbo wa ń pè ní Tannie bí a ṣe ń pe Àǹtí nílé, ní òfin kan: ẹni tó bá ń ra ti orí igi fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹlẹ́sẹ̀ píńkì ni kó mú. Oníwà jẹ́jẹ́ ni, oró rẹ̀ kò sì le. Ti búlúù lẹ́wà kọjá àfẹnusọ, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kì í ṣe kékeré, bó bá sì buni jẹ, iṣan ara lè máa fà fún ọjọ́ mélòó kan.

Àlàájì ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì ní Braamfontein, mọ́sálásí kan náà là ń lọ. Láti ilé-kéú ló ti gbọ́ ìtàn aláǹtakùn tó takùn dí ẹnu ihò àpáta tí Ànábì sá sí, kò sì gbà kí wọ́n pa aláǹtakùn nílé rẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ti kúrò nílé, ó fẹ́ máa sin ọ̀kan. Ó wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, ó nàka sí búlúù. Mo ní kí n sọ̀rọ̀, ó ní òun ti kà nípa rẹ̀ dáadáa. Ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ó tún jẹ́ olùkọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ta ni mí tí màá ní kó má rà á? Tannie kò sì sí nítòsí. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo dì í fún un. N kò tilẹ̀ bi í pé irú àpótí wo ló ní.

Òkè ni àpótí tó wà nílé rẹ̀ ti ń ṣí. Lọ́jọ́ tó pè mí yìí, ó dé láti ìrun Jímọ̀, kò tíì bọ́ jálàbíà, ó ní kí òun wọ́n omi sínú àpótí náà, nǹkan sì sáré gba ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àlàájì yìí ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní òun fẹ́ gbọn aṣọ náà.

"Ẹ ò gbọdọ̀ gbọn ún," ni mo wí. N kò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. "Ẹ jókòó. Ẹ gbọ́wọ́ sókè, kí ìka yín ga ju gbogbo ara yín lọ. Òkè ló máa ń lọ."

Mo ní kí Àlàájà ìyàwó rẹ̀ fi ike gíga dé ọwọ́ náà, kó di etí apá aṣọ mọ́ ẹnu ike náà. Mò ń gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń ṣàdúà. A dúró, a dúró. Ó wá dàbí ọdún kan lójú mi kí Àlàájì tó tún sọ̀rọ̀.

"Sìdí, ó wà lórí ìka mi báyìí. Sùbúhánàláì, wo àwọ̀!"

Ó gòkè wọ inú ike, Àlàájà dé e pa. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Mo jẹ́wọ́ fún Tannie. Ó ní, "Eish, Sidi," pé ó rọrùn láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ejò mú ju kí òun kọ́ mi ní "rárá" lọ. A gba búlúù padà, a fún Àlàájì ní ẹlẹ́sẹ̀ píńkì pẹ̀lú àpótí tó ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló tún dé, ó mú awọ tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ bọ́ dání nínú àpò ìwé, ó ń fi hàn mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìkókó. Ó wá nàka: ó ní òun ti ṣetán fún búlúù wàyí.

Orí ìkúnlẹ̀ tí mo fi kí i ni mo ṣì wà. Mo ní, "Rárá, Àlàájì. Kò tíì yá."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Ó dáa, ọ̀gá mi," ló wí. "Èwo ni kí n mú?"