Ọjọ́ Tí A Gbàdúrà Kí Ẹgbẹ́ Wa Fìdí Rẹmi

Mo ń já ẹrù lọ́wọ́ ní èbúté Dagenham Dock nílùú òyìnbó lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n kan ni, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Kò kí mi rárá. Ó yà mí lẹ́nu, torí ọmọ Ìjẹ̀bú yìí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìbéèrè àlàáfíà ìyàwó, ọmọ àti mọ́tò ẹni.

"Àbúrò, wọ́n ti tà wá!"

Ilé ìjọsìn wa ni mo rò pé wọ́n tà. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Castle Green la yá, onílé sì máa ń wò wá bí ẹni tó rí ewúrẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

"Ta ló tà wá, ẹ̀gbọ́n?"

"Alága ni o! Ó fẹ́ ta ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ rà á máa kó o kọjá odò lọ. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é báyìí?"

Ẹni tí kò mọ̀ wá á rò pé ẹgbẹ́ ńlá kan ni, irú èyí tí àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò. Rárá o. Eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré ni bésíbọ́ọ̀lù, tí ẹnì kejì á fi kóńdó gbá a, bó bá sì gbá a dáadáa, á sáré yí pápá po. Àwọn tiwa kì í sábà sáré, torí wọn kì í sábà gbá a. Pápá koríko kan létí òpópónà A13 ni wọ́n ti ń ṣe é, níbi tí ariwo tírélà kì í jẹ́ kí rẹfirí gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ ilẹ̀ Pólándì tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí a fi ń gbé ẹrù, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Òun ló fà mí lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan. Èmi náà fa ẹ̀gbọ́n lọ, torí ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ mú un kúrò nílé díẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń jókòó sí pálọ̀, tó ń bá àwọn awakọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n wí pé wọn ò mọ ọ̀nà.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn agbábọ́ọ̀lù náà wí. Ó ra fìlà ẹgbẹ́, ó jókòó sórí àga tó gbé wá láti ilé, ohùn rẹ̀ sì borí ti tírélà. "Gbá a! Kí lò ń wò? Ṣé fọ́tò lo fẹ́ bá a yà ni?" Èdè Yorùbá ló fi ń pariwo. Wọ́n rò pé ó ń gbóríyìn fún wọn, wọ́n á sì juwọ́ sí i.

Alága, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, jẹ́ òyìnbó kan tó ń to irin àti pákó tí àwọn bíríkìlà ń gùn kọ́lé. Òun ló ni orúkọ ẹgbẹ́, aṣọ, kóńdó, àti ahéré onípákó tí wọ́n ti ń ta tíì. Kí ọ̀rọ̀ títà yìí tó jáde, lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, èmi, ẹ̀gbọ́n àti ajá ọ̀gbẹ́ni kan ni gbogbo olólùfẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ní. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ajá á wà nínú mọ́tò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìròyìn náà ṣe dé àdúgbò wa ní Becontree Heath, ńṣe ni olólùfẹ́ ń hù bí olú. Ẹni tó ń gẹrun fún mi dá kílípà dúró lágbede méjì orí mi.

"Brọ̀, a ò ní gbà o! Ohun ìní wa ni. Wọ́n ti gba gbogbo nǹkan tán lọ́wọ́ wa ní àdúgbò yìí."

Mo bi í pé irú eré wo gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ó ronú díẹ̀. "Ṣé kì í ṣe họ́kì ni?"

Àwọn olólùfẹ́ ní kí a ṣe ìpàdé, kí Alága wá fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Gbọ̀ngàn ìjọ wa nìkan la rí lò, ẹ̀gbọ́n ló sì bá wa tọrọ rẹ̀. Ohun tí kò sọ fún àwọn òyìnbó ni pé ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé Ọlọ́run lọ́dọ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti gbọ́. Báyìí ni àwọn ọkùnrin tó wá fi ìbínú jà fún ẹgbẹ́ wọn ṣe wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, tí àtàǹpàkò àwọn kan ń yọjú bí ìjàpá. Ìbínú kì í lágbára lẹ́sẹ̀ tí kò wọ bàtà. Alága alára wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú sí ẹsẹ̀ kan, ó wọ búlúù sí ìkejì.

Ó ní, "Kò sí lọ́kàn mi láti ta ẹgbẹ́ yìí."

A pàtẹ́wọ́.

"Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá rà á, mi ò lè lé e."

Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

"Kódà bí mo bá tà á, kò ní kúrò níbí. Bó bá sì kúrò níbí, kò ní jìnnà. Ẹ dúró létí omi ní Dagenham Dock, ẹ ó máa rí ibẹ̀ lókèèrè."

Òótọ́ ni. Ojú ń rí òdìkejì odò Thames. Ṣùgbọ́n kò sí afárá níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò débẹ̀ á yípo gba Dartford, níbi tí mo ti máa ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán mi tán nídìí sítíárì kí ọkọ̀ iwájú mi tó sún.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó tún fìlà dé. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ wọ̀ ọ́ lára, ó bọ́ sí Yorùbá, mo sì ń túmọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ibi tí wọ́n bí ẹgbẹ́ yìí sí ni kó wà! Ọmọ tó nílé kì í sùn níta. Kí ló dé tí a ó fi máa ṣí kiri bí ẹni tí kò ní baba?"

Gbogbo ilé pariwo. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kó pọfupọ́ọ̀fù sínú àwo lẹ́yìn, kò pariwo ní tirẹ̀.

"Bàbá," ó pè é jẹ́jẹ́, "ẹ kúrò ní Ìjẹ̀bú, ẹ lọ sí Èkó. Ẹ kúrò ní Èkó, ẹ kó wa wá sí Peckham. Nígbà tí Peckham wọ́n jù, ẹ kó wa wá sí Dagenham. Ẹgbẹ́ yìí nìkan wá ni kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan?"

"Tèmi yàtọ̀," ẹ̀gbọ́n fèsì. "Ọlọ́run ló darí mi."

"Bóyá òun náà ló ń darí wọn."

Alága bi mí pé kí ni màmá ń sọ. Mo ní ó sọ pé pọfupọ́ọ̀fù ti délẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpàdé parí sí.

Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ pé ẹni tó fẹ́ rà wá ń bọ̀ wá wo eré ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àbúrò, ta ló máa ń ra màlúù tó ti dùbúlẹ̀ lọ́jà? Bí wọ́n bá lù wá ní àlùbolẹ̀ lójú ọkùnrin yìí, á padà sílé rẹ̀."

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ wa ò nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kì í fi irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìgbé e síwájú Ọlọ́run. Ní Sátidé, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbára dì, ó dé pẹ̀lú sùtánà funfun, ó bọ́ bàtà, ó sì dúró sórí koríko pẹ̀lú ọwọ́ sókè.

"Ọlọ́run tó da èdè àwọn ará Bábélì rú, da ọwọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí rú! Kí ojú wọn má rí bọ́ọ̀lù. Bí ojú wọn bá rí i, kí kóńdó wọn má bà á!"

"Àmín!" ni mo wí.

"Àmín!" ni àwọn òyìnbó wí, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì tẹ orí ba. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wí i lóhùn tó ga jù lọ. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Pólándì wá dì mọ́ ẹ̀gbọ́n. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ju bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó gbàdúrà fún àwọn rí.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo yíjú sí A13.

Àdúrà náà kó sí wọn lórí. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tí mi ò rí wọn gbá rí. Ọ̀rẹ́ mi ń jù ú bí ẹni tí áńgẹ́lì ń ti ìgúnpá rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ rà wá jókòó pẹ̀lú bàtà funfun rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àwa náà sì ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn tó wá síbi ìsìnkú olówó tí kò kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù náà, ó fò kọjá ọgbà, ó fò kọjá ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó balẹ̀ sórí tírélà kan tó ń lọ, ó sì bá a lọ.

Ẹ̀gbọ́n fò sókè tòun ti sùtánà. "Ó ti lọ! Ó ti lọ o! Ògo!" Ó ń jó, ó ń gbá mi lẹ́yìn. Lójijì ló rántí, ó sì rọra jókòó.

"Àbúrò, kí ni mo ṣe yìí?"

Ọkùnrin náà bọ Alága lọ́wọ́. Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ wa, ó ní òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan tó báyìí rí, pé ìfẹ́ yìí gan-an ló jẹ́ kí òun pinnu láti kó o kúrò lọ́dọ̀ wa.

Báyìí ni wọ́n ṣe tà wá. Ọkọ̀ kan wá kó kóńdó, ó kó aṣọ, ó sì gbé ahéré tíì. Ìgbà yẹn ni oníbàtà funfun wá rí i pé àwọn agbábọ́ọ̀lù kò sí nínú ẹrù. Ọ̀rẹ́ mi ní iṣẹ́ òwúrọ̀ ní Dagenham Dock, òmíràn ní ọmọ tó ń gbé lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi Sátidé rẹ̀ jókòó sí Dartford. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà wá sí pápá wa pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì oríṣiríṣi àti kóńdó tí wọ́n yá. Wọn ò lórúkọ mọ́. Lára àwọn olólùfẹ́, àwọn kan ní orúkọ ni ẹgbẹ́, pé òdìkejì odò ni ẹgbẹ́ tòótọ́ wà. Àwọn kan ní èèyàn ni ẹgbẹ́. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Ẹni tó ń gẹrun fún mi ò tẹ̀ lé ìkankan. Ó ti ń bínú nítorí ilé ìkàwé kan tí wọ́n fẹ́ tì, èyí tí kò wọ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i, mo bá fi mọ́tò gbé e lọ sí òdìkejì odò. Àwọn àjòjì ló wà nínú aṣọ wa, wọ́n mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n sì ń sáré. Ó wò wọ́n títí, kò pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Wọ́n dáa jù wá lọ," ó wí nígbà tó yá. "Kò sí nǹkan tí èèyàn fẹ́ bá wọn wí. Jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí a fi máa jàjà bọ́ ní Dartford, tí a dé pápá wa, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n sì ti lu àwọn ọmọ wa bí ẹni lu bàrà. Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ dúró kí n pa ẹ́ńjìnnì kó tó ṣílẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí koríko níwájú mi, ó ń bi ọmọ Pólándì náà léèrè ní Yorùbá pé ta ló kọ́ ọ láti máa ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń da pàǹtí nù, ọ̀rẹ́ mi sì ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́.