Mọ́tò tó ń tọrọ àforíjì

Ẹ wá wo bàbá mi tó ń dárí ji mọ́tò lónìí o!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn pé mọ́tò tòkunbọ̀ tí wọ́n rà lè báni pe èèyàn lórí fóònù, ká ṣá ti sọ̀rọ̀ sí i.

Wọ́n ní, "Pe Ìyá Ṣadé."

Mọ́tò ní, "Pardon?"

"Mo ti dárí jì ẹ́. Pe Ìyá Ṣadé."

"Pardon?"

Bàbá mi bá páàkì ní Ẹ̀gbẹ́dá. "Èèyàn kì í ṣàdédé bẹ̀bẹ̀. Kí ló ṣe?"

Mo ní, "Bàbá, kò gbọ́ Yorùbá ni jàre!"

Mẹkáníìkì ni wọ́n lọ pè.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Háà, Bàbá, omi ti jò tán! Díẹ̀ ló kù kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìwọ tó gbọ́ Yorùbá, kí lo sọ fún mi?"